Bí àwòrán ọmọ 48 bá jọra, ta ló yà á?

Olùkọ́ kan kọ̀wé sí mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Pírámárì kẹta ni mò ń kọ́, ọmọ 48 ló wà lọ́wọ́ mi, ìṣẹ́jú 40 péré ni wọ́n sì fún mi fún iṣẹ́-ọnà lọ́sẹ̀. Ní ìparí táàmù tó kọjá, a pàtẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ fún àwọn òbí. Mo ní kí àwọn tèmi ya ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Àwọn kan ya èèyàn tí orí rẹ̀ tóbi ju ara lọ, òmíràn ya ilé tí èèyàn ń ti ìta rí ẹni tó sùn sínú yàrá. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín, bàbá kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé nǹkan tí òun ń sanwó fún nìyí. Kíláàsì tó kọjú sí tiwa ya ẹja, gbogbo ẹja náà ló dọ́gba tó sì mọ́ tónítóní, torí olùkọ́ wọn ló yà á sójú pátákó tí wọ́n dà á kọ. Ọ̀gá wa ní kí èmi náà máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní táàmù yìí. Ṣé kí n ṣe é? Kò sì sí owó ọ̀dà. Ṣé àwọn ọmọ mi ni kò mọ̀ ọ́n yà ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ́?"

Olùkọ́ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ ẹja lẹ bèèrè, ọ̀rọ̀ owó ọ̀dà lẹ bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn òbí yẹn ló ń dùn yín, mo sì mọ bó ṣe ń dunni. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Rẹ́mọ kí n tó fẹ̀yìntì. Nínú ọdún mẹ́jọ àkọ́kọ́, èmi gan-an ni olùkọ́ ẹlẹ́ja. Tèmi kì í ṣe ẹja ni, ọkọ̀ ojú omi ni. Bí mo bá dijú, mo lè yà á: ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ààbọ̀ igbá, òpó mẹ́ta, àsíá kan, ìgbì omi mẹ́fà. Kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì mi tó fojú rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, èmi alára kò sì wọ̀ ọ́ rí. Lọ́jọ́ kan tí àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀, ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń ṣòwò obì ní Ṣàgámù pa ọkọ̀ ojú omi mi tì, ó ya tírélà tí wọ́n ń di àpò obì sí. Àpò náà ga ju tírélà lọ, àwọn ọkùnrin sì jókòó lé e lórí, wọ́n ń jẹun. Mo fa bébà yẹn ya. Mo fún un ní òmíràn pé kó ya ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì yà á. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kúrò lọ́wọ́ mi, kò tún fa ìlà kan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wojú mi pé, "Àǹtí, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?" Nítorí náà, bí mo bá ń bá ẹja wí nísàlẹ̀ yìí, ẹ mọ̀ pé mo ti jẹ nínú ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú èyí tó ta kókó jù. Àwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n yà. Ọmọ ọdún méje sí mẹ́sàn-án kì í ya ohun tí ojú rẹ̀ rí, ohun tó mọ̀ nípa nǹkan náà ló ń yà. Ó mọ̀ pé màmá àgbà sùn sínú yàrá, kí ló dé tí ògiri á wá fi ìyá náà pamọ́? Ó mọ̀ pé tábìlì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì tàbí mẹ́ta ni ojú ń rí láti ibi tó jókòó. Ó fa ilẹ̀ bí ìlà kan nísàlẹ̀ bébà, ó to gbogbo ayé lé e lórí bí ẹni to agolo, ó wá fi ọ̀run ṣe ìlà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, àárín méjèèjì sì ṣófo. Viktor Lowenfeld, ọmọ Austria kan tó lọ di olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé gbogbo èyí nínú ìwé tó gbé jáde ní 1947. Ó pín ìdàgbàsókè àwòrán ọmọdé sí ìpele: bí ọmọ ṣe ń kọ gbàgẹ̀rẹ̀ láti bí ọdún méjì, bó ṣe ń rí àpẹẹrẹ tirẹ̀ fún èèyàn àti igi bó bá ti di ọmọ ọdún méje, títí di bí ọdún mẹ́sàn-án sí 12, nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí nǹkan jọ bó ṣe rí lóòótọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ pé kí wọ́n má fi ọjọ́-orí wọ̀nyẹn ṣe òfin, torí mo rí ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń ya ẹsẹ̀ ewúrẹ́ bó ṣe ń tẹ̀, mo sì rí ọmọ 11 tó ṣì ń to ayé sórí ìlà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn yẹn, mi ò rí i kó yí padà. Kíláàsì yín bọ́ sí àárín gbùngbùn àkókò tí orí ń tóbi ju ara lọ.

Ọ̀rọ̀ orí yẹn gan-an, ẹ lè fi dá bàbá tó bínú yẹn lóhùn. Ẹ ní kó lọ wo ère ìbejì, tàbí òpó ààfin tí àwọn agbẹ́gilére wa gbẹ́. Orí nìkan ń kó bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin gíga ère náà, nígbà tí orí àgbàlagbà gidi kò ju ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ lọ. Kì í ṣe pé agbẹ́gilére kò rí èèyàn rí. Orí ló kà sí, orí ló fún láyè. Mi ò sọ pé ọmọ yín ti di agbẹ́gilére o. Agbẹ́gilére mọ ọ̀nà mìíràn ó sì yan èyí, ọmọ yín kò tíì ní ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi orí ńlá rẹ́rìn-ín níwájú ọmọ nílẹ̀ Yorùbá, ó yẹ kó tún ẹ̀rín náà rò.

Ní ti dídà kọ, mi ò fẹ́ ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló burú. Ẹ ṣáà wo Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, tó jẹ́ pé akitiyan rẹ̀ ló mú ẹ̀kọ́ àwòrán wọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó ló ń dà kọ, láìsí olùkọ́ kankan. Ní 1906 ó ti ya Ìyáàfin Spencer Savage lọ́nà tó ṣì ń ya àwọn amòye lẹ́nu. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 láti kọ́ iṣẹ́ náà sí i, ó padà dé ní 1922, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama l'Ékòó. Òun náà ló ń rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́-ọnà, wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927. Àwọn méjèèjì kò sì fẹnu kò. Ọnàbólú fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, kó lè ya ojú èèyàn kó jọ ọ́, torí àwọn òyìnbó ayé ìgbà náà ń sọ pé adúláwọ̀ kò lè ṣe é. Murray ní tirẹ̀ fẹ́ kí ọmọ ya ayé abúlé rẹ̀, kó sì mọyì iṣẹ́-ọnà àwọn baba rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni Ben Enwonwu, gbajúgbajà ayàwòrán àti agbẹ́gilére, ti jáde. Àwọn olùkọ́ ṣì ń bá ìjà yẹn lọ títí dòní, wọn kì í kàn dárúkọ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tèmi ni pé Ọnàbólú ló yan ohun tó dà kọ. Ebi àwòrán ló ń pa á. Bí ọmọ kan nínú kíláàsì yín bá jókòó nígbà ìsinmi tó ń da àwòrán ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ kọ, ẹ fi sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń kọ́ nǹkan. Ẹja ojú pátákó yàtọ̀: olùkọ́ ló rí ẹja, olùkọ́ ló pinnu ibi tí ìrù máa wà, ọmọ wá ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da ìwé kọ. Bí ẹja 48 bá jọra, ẹja kan ṣoṣo lẹ rí, olùkọ́ ló sì ni ín.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. "Ẹ ya ohunkóhun tó bá wù yín" kò sàn ju ẹja lọ tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ ní kí ọmọ ya ohun tó wù ú nínú ìṣẹ́jú 40, ìṣẹ́jú 15 ni yóò fi máa wo ti ẹnì kejì rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò ya ohun tó ti mọ̀ ọ́n yà láti kíláàsì kìíní: ilé onígun mẹ́ta lórí, òdòdó, oòrùn nígun bébà. Kì í ṣe ọ̀lẹ, àyè ló pọ̀ jù. Ohun tí mo wá rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni pé ìbéèrè tóóró ló ń jẹ́ kí àwòrán gbòòrò, pàápàá tó bá jẹ́ ìbéèrè tí ara ọmọ fúnra rẹ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ má ní kí wọ́n ya ọjà. Ẹ ní kí wọ́n ya ara wọn níbi tí ìyá wọn ti di ọwọ́ wọn mú láàárín èrò ọjà, tí àgboorùn sì fẹ́ gún wọn lójú. Ẹ má ní kí wọ́n ya omi pípọn. Ẹ ní kí wọ́n ya garawa tó ń dà sí wọn lọ́rùn. Lẹ́yìn Iléyá, ẹ ní kí wọ́n ya ohun kan péré tí wọ́n rí l'Ójúde Ọba ní ọjọ́ kẹta. Mo ṣe èyí lọ́pọ̀lọpọ̀ ọdún pẹ̀lú àwọn tí òbí wọn kó lọ s'Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹṣin wọn máa ń jọ ewúrẹ́ tí wọ́n fà lọ́rùn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tò lórí ìlà bí òpó iná, ṣùgbọ́n ẹ wo aṣọ àwọn régbérégbé, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí yẹn! Ọmọ tí kì í ya ìka ọwọ́ á ka ilẹ̀kẹ̀ ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ohun tó wò gan-an nìyẹn. Bí ọmọ bá sọ pé "mi ò mọ ẹsẹ̀ ẹṣin yà," ẹ má gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kó dìde, kó fò bí ẹni tó gun ẹṣin, kó wá sọ fún yín ibi tí orúnkún rẹ̀ wà. Mi ò fi pẹ́ńsù mi kan bébà ọmọ kankan láti nǹkan bí ọdún kẹsàn-án iṣẹ́ mi, àyàfi láti kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀.

Ó tó àkókò ká sọ̀rọ̀ owó. Nípa bébà, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ló dára jù, ó nípọn, ó sì fẹ̀, kò sí ilé kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tí kò ní kàlẹ́ńdà òkú-ṣíṣe tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lára ògiri. Bébà inú àpò sìmẹ́ǹtì náà dára fún iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ gbọ̀n ọ́n níta kí ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kì í ṣe àwọn ọmọ, torí eruku rẹ̀ ń jẹ ọwọ́, ó sì ń ta ojú. Fún àwọ̀, àbẹ́là kan àti búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun tó. Kí ọmọ fi àbẹ́là ya àwòrán sórí bébà funfun, níbi tí òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tó ń yà. Kó wá fi búlúù tí a pò sómi kun orí rẹ̀. Omi kò lè dúró lórí ìda, àwòrán á yọ jáde ní funfun lójijì. Ẹ múra sílẹ̀ de ariwo. (Irú búlúù yẹn náà ni àwọn ìyá ìbejì kan wá ń fi kun irun ère ìbejì nígbà tí wáji tí a ń fi ẹ̀lú ṣe di ọ̀wọ́n, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré lásán.) Bí ẹ bá rí ọ̀dà tòótọ́, àwọ̀ méjì péré ni kí ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí pupa, búlúù, yẹ́lò àti ewé bá pàdé lórí tábìlì kan, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbogbo rẹ̀ á di àwọ̀ ẹrẹ̀, àwọn òbí á tún rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí.

Òǹtẹ̀ ni iṣẹ́ tó rọrùn jù fún ọmọ 48. Ẹ ra ilá tó ti gbó tí ẹlòmíràn kò fẹ́ rà mọ́, ẹ gé e ní ìdábùú, ojú rẹ̀ á yọ bí ìràwọ̀ onígun márùn-ún. Ẹ tẹ fóòmù sínú àwo, ẹ da ọ̀dà sí i lórí, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ òǹtẹ̀ ọ́fíìsì. Ọ̀dùnkún náà dára, ẹ̀yin ni kí ẹ di ọ̀bẹ mú. Ẹ má lo ewùrà, bó ti wù kó pọ̀ tó ní Ìjẹ̀bú: ó ń yọ̀, omi rẹ̀ ń yún ọwọ́, ẹ jẹ́ kó lọ sínú ìkọ́kọrẹ́ tó yẹ ẹ́. Ohun tí òǹtẹ̀ ń kọ́ ọmọ ni títò: bí mo bá tẹ̀ ẹ́ síbí, níbo ni èkejì máa wà? Ó ń gbọ́n nínú ìlà àti àlàfo láìmọ̀ pé òun ń kọ́ nǹkan. Amọ̀ mímọ, mi ò gbà yín níyànjú pẹ̀lú ọmọ 48 nínú yàrá kan, àyàfi tí ẹ bá kó 12 jáde sábẹ́ igi. Bí ẹ bá ṣe é, kí ohun tí wọ́n bá mọ má ṣe nípọn ju àtàǹpàkò lọ, ẹ gbẹ ẹ́ níbòòji, torí ibi tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ ń gbẹ, ó ń sún kì, ó sì ń já ara rẹ̀ kúrò lára ibi tó ṣì tutù. Ìdí nìyẹn tí apá ọmọlangidi fi máa ń jábọ́ lálẹ́, kì í ṣe pé ẹnìkan fọwọ́ kàn án.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe ìpàtẹ táàmù yìí ni ẹlẹ́kọ, irú àdìrẹ tí a ń fi lẹ́ẹ̀ ya. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé ti Ẹ̀gbá ni àdìrẹ, àwa Ìjẹ̀bú ní ìtagbè, aṣọ híhun tiwa. Òótọ́ ni, òfì ìdúró tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú-Òde fi ń hun aṣọ olónà, tí wọ́n ń gbé ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ jáde lára aṣọ, ohun àmúyangàn ni. Ẹ lè gé ẹnu páálí ní eyín-eyín, kí ẹ fi òwú dè é, kí ọmọ máa fi àkísà ànkárá hun ún. Ṣùgbọ́n pírámárì karùn-ún ló yẹ, ọmọ ọdún mẹ́jọ máa ń fa òwú náà títí aṣọ á fi rí bí ìbàdí agbọ́n. Ẹlẹ́kọ ni ti àwọn tiyín. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé lẹ́ẹ̀ láfún tó bá gbẹ sára aṣọ kì í jẹ́ kí àwọ̀ dé ibi tó bò. Ẹ wá aṣọ òwú funfun, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó ti gbó ló dára jù, pọliẹ́sítà kì í gba àwọ̀ dáadáa. Ẹ fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì inú rẹ̀ jáde, ẹ gé e ní bíi 30 sẹ̀ǹtímítà lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan fún ọmọ kan. Ẹ sẹ́ láfún, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó kó má di kókó, kí ẹ wá rò ó lórí iná. Agolo láfún kan sí omi agolo mẹ́ta tàbí díẹ̀ lé, kó ki bí ògì tó kù díẹ̀ kó di ẹ̀kọ. Àwọn aládìrẹ a máa fi álọ́ọ̀mù àti òkúta búlúù sí tiwọn. Ẹ̀yin ẹ má fi sí i, òkúta búlúù yẹn májèlé ni, ọmọ pírámárì kẹta sì máa ń fi ọwọ́ kan ẹnu. Bó bá ti tutù, kí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ, tàbí ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan, tàbí ọ̀rá omi tí ẹ lu ihò kékeré sí ní igun, ya ohun tí wọ́n fẹ́ sórí aṣọ. Ìlà lẹ́ẹ̀ yẹn nípọn débi pé kò sáyè fún ìparẹ́; ọmọ tó máa ń fi rọ́bà pa àwòrán rẹ́ nígbà ogún á ní láti gbà pé ohun tó yà ló yà. Mo ti rí i kí èyí tú àwọn ọmọ tí ojora ń mú sílẹ̀ ju ìyànjú èyíkéyìí lọ.

Kí ẹ jẹ́ kó gbẹ ganrangan, ó kéré tán odindi ọjọ́ kan lóòrùn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nìyí: olùkọ́ a máa kánjú, lẹ́ẹ̀ á ṣì rọ̀ lábẹ́, àwọ̀ á wọlé, àwòrán á sì pòórá. Aró gidi, ti ẹ̀lú àti omi eérú, ó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn tó sì ń ṣe é lóde òní sábà máa ń lo sódà tó lè bó ọwọ́ ọmọ. Ẹ má gbé e dé ilé-ìwé rárá. Ẹ bẹ àwọn tó ń kun ilé ní àṣẹ́kù ọ̀dà olómi, ẹ wá búlúù tàbí àwọ̀ tó ṣú, ẹ fi omi díẹ̀ là á. Kí ọmọ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún kọjá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kó má rẹ ẹ́, kó má sì pa á lọ pa á bọ̀, torí omi púpọ̀ á tún láfún náà rọ̀. Omi gbígbóná kò gbọdọ̀ kàn án. Bí ọ̀dà bá gbẹ, kí wọ́n fi ṣíbí ha láfún kúrò. Ní òtítọ́, aṣọ yìí á le díẹ̀, kò sì ní fara da fífọ̀ léraléra bí àdìrẹ gidi. Ara ògiri ló wà fún, kì í ṣe ara èèyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó máa gbà yín pẹ̀lú ìṣẹ́jú 40 yẹn: yíyà, kíkùn, híha. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, ọmọ 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan; bí ẹgbẹ́ kan bá ń ṣe é lọ́wọ́, kí àwọn yòókù máa fi òǹtẹ̀ ilá ṣe etí aṣọ.

Nísinsìnyí, ọ̀gá yín. Mi ò ní sọ pé kí ẹ bá a jà. Ẹ̀yin lẹ ń jẹun níbẹ̀, kì í ṣe èmi. Ohun tí ọ̀gá ń wá kì í ṣe ẹja, ohun tó máa mú ojú òbí dá ni. Ẹ fún un ní ìyẹn láìgba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ rán aṣọ 48 náà pọ̀, mẹ́jọ ní fífẹ̀, mẹ́fà ní gíga, ẹ fi kọ́ ògiri tí wọ́n máa kọ́kọ́ rí bí wọ́n bá wọlé. Búlúù àti funfun tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan á dá òbí dúró; lẹ́yìn náà ni wọ́n á sún mọ́ ọn tí wọ́n á máa wá ti ọmọ wọn, torí kò sí méjì tó jọra. Sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ọmọ náà sọ nípa rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ní èdè tó fi sọ ọ́. Bàbá tó ń fi èèyàn olórí ńlá rẹ́rìn-ín kì í lè rẹ́rìn-ín mọ́ bó bá kà á nísàlẹ̀ pé, "Dádì mi nìyí, orí ń fọ́ wọn nígbà tí wọ́n dé láti Èkó." Bí ọ̀gá bá ṣì fẹ́ ẹja, ẹ gbà, ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹja tútù kan wá láti ọjà, kí ẹ fi lé orí tábìlì, kí wọ́n yà á bí wọ́n ṣe rí i láti ibi tí oníkálùkù jókòó. Àwọn kan á ya ojú rẹ̀, àwọn kan á ya ìrù nìkan. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 40 o, nítorí òórùn.

Ibì kan wà tí ìmọ̀ràn mi kò dé. Bí ọmọ kan kò bá lè di pẹ́ńsù mú, tàbí tó bá ń gbé bébà sún mọ́ ojú jù, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwòrán mọ́, ẹ pe òbí rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ síwájú dókítà. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń sọ pé àwọn lè fi àwòrán kan mọ ohun tó wà nínú ọmọ. Mo ní olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ní kí a gbàdúrà fún ọmọkùnrin kan torí pé dúdú nìkan ló fi ń ya gbogbo nǹkan. Nígbà tí mo bi ọmọ náà, ó ní kíréyọ́ọ̀nù dúdú nìkan ló kù nínú páálí tí ẹ̀gbọ́n òun fún òun. Mi ò sì lè ṣèlérí pé bàbá tó bi yín léèrè owó yẹn máa yí padà. Àwọn kan kì í yí padà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wà nítòsí nígbà tó bá ń wo aṣọ náà, kó jẹ́ ọmọ ló máa ṣàlàyé, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ó ku ohun kékeré kan. Bí ẹ bá sá aṣọ ẹlẹ́kọ sóòrùn, ẹ fi ẹnìkan ṣọ́ ọ. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo wọlé lọ mu omi, ewúrẹ́ àdúgbò ti lá láfún kúrò lára aṣọ mẹ́ta kí n tó jáde, wọ́n sì jẹ ìdajì ẹ̀kẹrin.